Búrẹ́dì Ọjọ́ Mẹ́ta

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Iléṣà, màmá mi ló ń dáná fún ìyá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìyá náà ti pẹ́ láàárín wa débi pé Yorùbá ló fi ń ná ọjà. Èmi kì í kúrò nílé ìdáná rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni fíríìjì wà, a ò ní ọ̀kan nílé tiwa.

Lọ́dún kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nílùú òyìnbó fi agolo èso kan ránṣẹ́ sí i, àwọn èso wẹ́wẹ́ pupa àti dúdú tí wọ́n ń pè ní bẹ́rì. Oṣù mẹ́ta ni agolo yẹn fi wà lórí omi. Ìyá òyìnbó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ó ní oúnjẹ kan wà tí ìyá òun máa ń ṣe bí ooru bá mú, òun ò sì tọ́ ọ wò láti ogún ọdún. Ó wá kọ́ màmá mi. Ẹ fi búrẹ́dì tẹ́ inú abọ́ yíká, ẹ da èso tí ẹ fi ṣúgà sè sí i, ẹ fi búrẹ́dì dé e, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e, kó sùn sínú fíríìjì. Bílẹ̀ bá mọ́, ẹ dojú abọ́ dé inú àwo. Yóò dúró bí òkè kékeré, pupa fòò. “Ṣùgbọ́n búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta ni o. Kó ti le.”

Ẹ gbọ́ ohun tí màmá mi ṣe. Wọ́n ní, “Ẹ ṣé, mà.” Nígbà tó ku àwa méjì, wọ́n yínmú. “Kí n gbé búrẹ́dì tó yẹ adìyẹ síwájú ẹni tó ń wá oúnjẹ ìyá wọn? Ṣé wọn ò kọ́ mi nílé ni?” Ni wọ́n bá gba ilé búrẹ́dì lọ ní kùtùkùtù, wọ́n ra èyí tó ń rú èéfín, tó rọ̀ bí òwú. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá òyìnbó wọ aṣọ ìsìn jókòó sídìí tábìlì. Màmá mi dojú abọ́ dé. Bí wọ́n ṣe ṣí i, gbogbo ẹ̀ wó, ó ṣàn kiri àwo bí ògì tí kò jiná. Màmá mi kúnlẹ̀. Ìyá òyìnbó bu ṣíbí kan sẹ́nu, ó dijú, ó ní, “Ó jọ ọ́ díẹ̀.” Ó rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. Agolo mìíràn ò dé mọ́, nítorí ẹ̀gbọ́n tó fi í ránṣẹ́ kú lọ́dún náà. Ìyá òyìnbó alára kò sì pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn.

Mi ò mọ ohun tí ìyá òyìnbó ń wá nínú abọ́ yẹn, àfi ìgbà tí èmi náà di àjòjì. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń jí wọ ọkọ̀ ní Al Taawun, ní Sharjah níbí, lọ síbi iṣẹ́ ní Dubai, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹnu á máa wá nǹkan. Ẹ ó rà á, kò sì ní jẹ́ òun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra bẹ́rì nítòsí ilé wa ní Sharjah. Mo fi búrẹ́dì sílẹ̀ lórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ mi ń wò ó. “Màmá wọn, ẹyẹlé mélòó la ń retí?” Àpò ìrẹsì kékeré ni mo gbé lé abọ́ náà nínú fíríìjì. Nígbà tí mo dojú ẹ̀ dé, ó dúró.

Mo pe màmá mi lórí fóònù kí wọ́n lè fojú rí i. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n ní kí n sún un mọ́ àwọn.

“Òun náà nìyí?”

“Òun ni, mà. Búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta ni.”

Wọ́n mí kanlẹ̀. “Ìyá yẹn ò bá mi wí rárá. Ká ní wọ́n bá mi wí ni, ì bá sàn.” Wọ́n tún wò ó. “Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?”

Mo bù ú. Mo ní ó dùn, ó kan díẹ̀, ó tutù. Mò ń wá ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò tó.

Ayé ti yí padà o. Èso tó rin oṣù mẹ́ta nígbà náà, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ báyìí, láàárín aṣálẹ̀. Ojú ìyá ẹni sì wà nínú àtẹ́lẹwọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n màmá mi dúró lójú fóònù, ẹnu wọn ṣí díẹ̀ bí ẹni tó ń retí, ṣíbí mi ò sì gùn dé Iléṣà.