Ojú Mi Pọ́n, Kì í Ṣe Ti Ibà

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n n ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí kòkòrò HIV ti wà lára mi. Ọkọ mi mọ̀. Àǹtí Rísì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Agbowó, ni kò mọ̀. Inú ike fítámìn ni mo máa ń da oògùn mi sí kí wọ́n má bàa rí orúkọ ara rẹ̀.

Nígbà tí oògùn àkọ́kọ́ ò ràn mí mọ́, wọ́n yí i padà ní kíníìkì. Wọ́n fi ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní protease inhibitor kún àwọn yòókù. Nọ́ọ̀sì ní ṣe ló máa ń gba irinṣẹ́ tí kòkòrò náà fi ń pọ̀ sí i mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní ó lè mú kí ẹyinjú mi pọ́n, kí n má bẹ̀rù, ṣùgbọ́n kí n má mu àgbo mọ́ ọn.

Ojú mi sì pọ́n rúsúrúsú lóòótọ́! Àǹtí Rísì wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Ta ló bi wọ́n? Kí n tó ti Bódìjà dé, ìkòkò àgbo ti ń hó lórí iná.

Láràárọ̀ ni wọ́n ń dúró tì mí pẹ̀lú ife aláwọ̀ ewé kan títí n ó fi mu ún tán. Ṣé ìyàwó ilé á kọ àgbo ẹ̀gbọ́n ọkọ ni? Bí mo bá kọ̀, wọ́n á bi mí nídìí. Ọkọ mi ńkọ́? Ó ní kí n máa mu ún kí ilé lè tòrò. Oṣù méjì ni mo fi mu ún. Ọ̀ràn àfọwọ́fà!

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, kòkòrò náà tún ti ń pọ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì bínú gan-an, ó ní oògùn tó kù tí àwọn lè yí mi sí ò pọ̀ mọ́. Mo sunkún nínú mọ́tò láti Ring Road dé ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tún gbé ife dé.

Mo ní, "Àǹtí, HIV ló wà lára mi. Oògùn rẹ̀ ló mú ojú mi pọ́n, àgbo yín ló sì ń bà á jẹ́."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti di ife náà àti àwo mi sínú náílọ́ọ̀nù kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì. Wọ́n ní tèmi nìkan nìyẹn láti òní lọ.

Kò burú. Ife yẹn gan-an ni mo fi ń bu omi mu oògùn mi báyìí, láràárọ̀, níwájú wọn. Ike rẹ̀ gangan sì wà lórí tábìlì, tòun ti orúkọ lára.

Kòkòrò kọ́ ló fẹ́ẹ̀ pa mí, ìtìjú ni. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ti gbé mì rí torí pé ẹ ò lè sọ pé rárá? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi.