Òdo tí Tíṣà Fọlọ́runṣọ́ Kọ

Lọ́jọ́ tí Bàbá Àbíkẹ́ yọjú sí ilé ẹ̀kọ́ ní Ọ̀jọ́ láti wo ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn, ohun tí wọ́n bá lójú pátákó ni: Sàlàkọ́ = 0. Sàlàkọ́ gan-an sì lorúkọ wọn.

"Tíṣà, èmi ni òdo?"

"Ẹ má bínú, bàbá! Kì í ṣe ẹ̀yin. Orúkọ lásán ni."

"Orúkọ mi wá di lásán!"

Yéè! Olóògbé Tíṣà Fọlọ́runṣọ́ sáré fi apá ṣẹ́ẹ̀tì nu pátákó.

Ẹ jẹ́ n là á yé yín. Òmìnira ò tíì dé nígbà náà, tíṣà ń kọ́ wọn ní áljẹ́bírà. Ẹ̀rù x ń ba àwọn ọmọ, ló bá ní kí wọ́n máa fún iye tí wọn ò tíì mọ̀ lórúkọ èèyàn. Ó wá ṣòfin sí i: orúkọ ò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀, nǹkan méjì ò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà, orúkọ àgbà ìlú, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọmọ kan kọ 2Dáúdà, tíṣà ní kó lọ bi ìyá rẹ̀ bóyá wọ́n ń fi nọ́ńbà sọmọ lórúkọ nílé wọn. Ìyá náà pa ẹja tì lórí iná, ó wá: "Tíṣà, ṣé kò sí o?"

Òfin ìkẹyìn yẹn ni tíṣà fúnra rẹ̀ rú. Ta ni í pe àgbà lórúkọ? "Bàbá" ló ń pe bàbá Àbíkẹ́ látọjọ́ yìí, kò mọ̀ pé Sàlàkọ́ ni wọ́n ń jẹ́.

Ìtìjú mú kó máa gba inú oko àgbọn lọ sílé ní Ìbà. Nígbà tó lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ Bàbá nílé wọn, Àbíkẹ́ ní, "Ẹ kọ èmi náà síbẹ̀, ká mọ iye tí mo jẹ́." Ilẹ̀ ì bá lanu, tíṣà ì bá wọ̀ ọ́.

Bàbá ní, "Lọ́la, lójú àwọn ọmọ, orúkọ tìẹ ni kó o kọ."

Ilẹ̀ mọ́, Bàbá wá jókòó sáàárín àwọn ọmọ, tíṣà sì kọ Fọlọ́runṣọ́ = 0. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò lójú tíṣà. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Bàbá, ojú wá ń ti àwọn náà. Wọ́n dìde, wọ́n fàtẹ́lẹwọ́ pa òdo náà rẹ́.

"Ó tó. Mi ò lè fọmọ mi fún òdo."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ra nìyẹn. Títí tíṣà fi kú, bá a bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, á dorí kodò. Ní báyìí tí kò sí mọ́, Àbíkẹ́ máa ń bá wa rẹ́rìn-ín, á wá fetí aṣọ nujú.

"Ẹ rọra o," á ní, "ọkọ mi lẹ ń wí yẹn."