Ojú Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ya

Ọdún mọ́kànlélógún ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń tún àwòrán àtijọ́ ṣe ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Ní ọdún kejì tó débẹ̀, ó ń fi òwú nu èéfín kúrò lára àwòrán obìnrin kan tó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa, tí ojú kan ṣoṣo hàn. Òwú ń lọ, òwú ń bọ̀, ni ojú náà bá bá òwú lọ. Dípò kó pariwo, ó ti ilẹ̀kùn, ó ya òmíràn síbẹ̀. Èmi nìkan ló sọ fún. A kúnlẹ̀, a bẹ Ọlọ́run. A ò bẹ ọ̀gá.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan dé tó ń sọ bóyá ẹni tí wọ́n ní ó ya àwòrán ló ya á lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò lọ lọ́fun ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Bí fóònù bá dún, á ní kí n bá òun gbé e.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," mo ní. "Ọlọ́run tó ti forí jì yín ò ní tú yín síta."

"Ṣé o bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí ni?"

Mo gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ padà sí ilé ìdáná.

Àṣírí ò tú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá arúgbó kan gbé àwòrán tí ayàwòrán tó ya obìnrin inú àwòrán yẹn ya fún bàbá rẹ̀ wá, kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lè rà á. Kọ̀ǹpútà wò ó, ó ní ojú tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ ayàwòrán náà. Ayédèrú ni.

"Màmá, ta ló rán yín níṣẹ́ jìbìtì yìí?" ọ̀gá bi í. "Ẹ sọ kó tó di ti ọlọ́pàá."

"Èmi tí mò ń wá awò ojú mi nígbà tó wà lójú mi, èmi ni n óò ya ojú ẹlòmíì?"

Ọ̀gá ní kó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi wálé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. "Àbúrò mi, ojúlówó ni àwòrán màmá yẹn. Ojú tèmi ni wọ́n fi kọ́ kọ̀ǹpútà bí ayàwòrán náà ṣe ń ya ojú. Iṣẹ́ ayàwòrán náà yòókù lọ́dọ̀ wa, igi àti ilé ni. Bí mo bá dákẹ́, mo bọ́."

Ó kù díẹ̀ kí n ní kó dákẹ́. Ṣé bí Ọlọ́run ṣe ń bo àṣírí nìyí, kó fi ìtìjú ìyá arúgbó bò ó? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn bà mí lẹ́rù ju ọlọ́pàá lọ.

"Ẹ lọ sọ," mo ní níkẹyìn. "Màá bá yín lọ."

Nígbà tó jẹ́wọ́ níwájú màmá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rín ni ọ̀gá rín. "Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, àánú màmá ló ń ṣe yín. Ó dáa, ẹ ya òmíràn ká rí i."

Ẹ̀gbọ́n mi mú búrọ́ọ̀ṣì. Màmá jókòó, ó di àpò rẹ̀ mú. Bí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi bá tàsé, màmá ni yóò lọ àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni búrọ́ọ̀ṣì jábọ́. Mo fẹ́ gbàdúrà, "Olúwa" nìkan ló jáde. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà dúró ṣinṣin, ó ya ojú kan tán.

Wọ́n ya fọ́tò ojú náà, wọ́n fi han kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní ọwọ́ ayàwòrán náà gan-an ni, ẹni tó ti kú kí wọ́n tó bí ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀gá bẹ màmá. Lẹ́yìn náà ló ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kó lọ máa retí ohun tí ìgbìmọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá sọ nílé. A ṣì ń retí. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, àwa méjèèjì la jọ ń dìde.