Ètò Kékeré Tó Ń Kọ Dò, Re, Mí

Mowe ni mò ń gbé, inú ilé ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó. Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, màá kọ ètò kéékèèké fún ìlò ara mi. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí mo fi ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá: o tẹ lẹ́tà, o tẹ bọ́tìnnì kan tẹ̀ lé e, àmì á sì jókòó sáyè rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá kan tó ń kọ́ wa ní Sọ́ńdè sùkúù ló kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, àwọn àti ọkọ wọn ń gbé ní Ibafo. Àwọn ló máa ń túmọ̀ ẹ̀kọ́ wa sí Yorùbá, tí wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, a ṣí ìwé, a rí i níbẹ̀ pé, "Ẹ má ṣe jẹ òjò." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má ṣe jẹ́ ojo" ni wọ́n fẹ́ kọ. Àwọn náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí a jáde, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àmì yẹn kéré lójú mi. Mi ò mọ èyí tó kọjú sókè yàtọ̀ sí èyí tó kọjú sílẹ̀. Ṣé kò lè máa dún ni, kí n fetí gbọ́ ọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé. Mímú kí kọ̀ǹpútà máa kàwé, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n dò, re, mí ni wọ́n fi kọ́ wa lámì ohùn nílé ìwé. Mo wá ohùn mẹ́ta, mo so ó mọ́ ètò náà. Bí èèyàn bá ti parí ọ̀rọ̀ kan, kọ̀ǹpútà á gbé ohùn rẹ̀ jáde, bí ẹni tó panu dé tó ń fimú kọrin.

Ní Sátidé, mo gbé e lọ sí Ibafo. Bàbá, ọkọ màmá, wà ní pálọ̀, wọ́n ń gbọ́ rédíò. Ojú wọn ti fọ́ látàrí àìsàn. Màmá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní yàrá, wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n wá tẹ "Ẹ wá jẹun." Ó dún: re, mí, re re.

"Mò ń bọ̀ o," bàbá dáhùn láti pálọ̀.

Màmá wò mí, wọ́n wá bi bàbá pé, "Ta ló pè yín?"

"Ìwọ náà ni. Ṣebí o ní kí n wá jẹun."

"Mi ò lanu o!"

Bàbá ti ń fọwọ́ tọ ògiri bọ̀. Nígbà tí a ṣàlàyé fún wọn, wọ́n ní kí a tẹ òmíràn. Màmá tẹ "Òjò ń rọ̀."

"Ìyàwó dà?" ni bàbá wí. "Àbí ìwọ ìyàwó kọ́ ló jókòó yìí?"

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo fi ẹnu ara mi wò ó, ohùn kan náà ni: dò dò mí dò. Nígbà náà ló yé mi pé ohùn tí ìyàwó wọn fi ń pè wọ́n sídìí oúnjẹ lójoojúmọ́ ni bàbá dá mọ̀. Etí wọn ló fi ìyókù kún un.

"Ẹ jẹ́ kí èmi náà jókòó síbẹ̀," ni wọ́n wí.

Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ṣe akọ̀wé rí ní káńsù l'Ówódé Ẹ̀gbá, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣiṣẹ́ láìwo ọwọ́. Ìka wọn lọ síbi tó yẹ. Bọ́tìnnì àmì nìkan ni mo fi hàn wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ kan ò bá dún dáadáa, wọ́n á mi orí, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á tún un tẹ̀. Màmá ka ohun tí wọ́n kọ síta: "Iyọ̀ ọbẹ̀ àná pọ̀ jù."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ lánàá?"

"Lánàá, mi ò níbi tí màá kọ ọ́ sí."

Bàbá ló ń tẹ ẹ̀kọ́ báyìí. Màmá á máa túmọ̀ rẹ̀ sókè, bàbá á máa tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè ni wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí mi ṣáá. Tuntun tó dé ni pé àmì ìdánudúró ò lóhùn, àwọn ò sì mọ̀ bóyá àwọn ti fi í sí i. Báwo ló ṣe yẹ kí ìdánudúró dún? Màmá ní kó dà bí ìgbà téèyàn wúkọ́. Bàbá ní rárá, ó yẹ kéèyàn gbọ́ pé ẹnì kan mí kanlẹ̀ ni. Mo ti ń gbìyànjú méjèèjì wò.