Ẹja Tó Ń Gba Orí Títì Kọjá

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi gbé lọ sí ọ̀nà Alajue: ǹjẹ́ ẹja lè gba inú kọ́fátì yìí kọjá? Kọ́fátì ni páìpù kọnkéré ńlá tí odò ń gbà lábẹ́ títì. Kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì wa tó ń tún títì ṣe l'Ẹ́dẹ, ọ̀gá mi ti ní, "Bẹ́ẹ̀ ni ni kó o kọ o. Tó o bá kọ bẹ́ẹ̀ kọ́, àwa la máa tún un ṣe."

Nígbà tí mo débẹ̀, ẹnu páìpù ga ju omi lọ, ó tó ìbàdí mi. Ẹja wo ló máa fo ìyẹn? Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Èèwọ̀ sì ni kéèyàn pẹja odò náà, ti òrìṣà ni wọ́n. Ni mo bá ra ẹja àrọ̀ kan láàyè ní Sẹkọna, mo jù ú sódò.

Ẹ gbà mí! Ẹja ò tiẹ̀ wo páìpù. Ó wọ́ gun bèbè, ó dorí kọ títì. Ọlọ́kadà kan dúró, ó gbé e, ó ní, "Ọbẹ̀ dé!"

Ìyá àgbà kan pariwo látinú oko: "Gbé e kalẹ̀! Ó ti wọ odò, ó ti di ti odò!"

"Ìyá, èmi ni mo rà á láàárọ̀ yìí."

"Ta ló ní kó o fi ta odò lọ́rẹ?"

Ọlọ́kadà sọ ẹja sílẹ̀, ó sá lọ. Ìyá bu omi sígbá, wọ́n gbé ẹja sí i, wọ́n gbé e rù, wọ́n ń tiro sọdá títì. Wọ́n ní látìgbà tí títì ti dé, ẹja ò dé òkè odò mọ́, níbi tí ìdílé àwọn ti ń bọ́ wọn. Àwọn nìkan ló kù tó ń gbé wọn sọdá ní ọrọọrún.

"Ìyá, ṣebí èèwọ̀ ni?"

"Jíjẹ lèèwọ̀. Ta ló ní ká má bá a sọdá títì?"

Inú mi dùn! "Ẹja ń kọjá nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ni màá kọ."

Wọ́n jókòó, wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún. "Kọ ọ́. Tí mo bá kú ńkọ́?"

Ojú tì mí gan-an. Mo kọ bẹ́ẹ̀ kọ́, mo tẹ bírò débi pé ìwé ya. Ọ̀gá bú mi bí ẹni láyin.

A ò tíì tún kọ́fátì náà ṣe. Ní ọrọọrún, èmi ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, èmi ni mò ń ru igbá ẹja. Ìyá á jókòó sí bèbè, wọ́n á máa ké sí mi: "Rọra o, má da omi nù."