Lẹ́tà Ìbánikẹ́dùn Tí Akọ̀wé Wa Tì

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ọ́, ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní Dansoman. Akọ̀wé, alága àti èmi la wà níbẹ̀. A máa sin ìyàwó mi lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ ní. Akọ̀wé fi pásíwọ́ọ̀dù tì í sínú kọ̀ǹpútà kí ẹnikẹ́ni má baà yí i padà. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, á ṣí i, kọ̀ǹpútà á fa orúkọ ọlọ́fọ̀ wọlé láti inú ìwé orúkọ wa, á sì tún tì í. Tó bá ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù, á fi áńkáṣíìfù bo ọwọ́.

Alága rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, ṣé ìyàwó rẹ lo fi pamọ́ síbẹ̀ ni?"

Ó tẹ tèmi jáde. Mo kà á: "A bá yín kẹ́dùn ikú ọkọ yín." Obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ fún. Mo ní kó tún ọ̀rọ̀ kan yẹn ṣe, nítorí òun ló máa kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lójú àwọn àna mi.

"Due, ẹ̀gbọ́n," ó kẹ́dùn bí àwọn Akan tí à ń bá gbé. "Ìpàdé ló fọwọ́ sí i. Orúkọ nìkan la lè yí."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i báyìí."

"Mo ti tì í padà."

Akọ̀wé wa kò jalè rí, kò pẹ́ dé ìpàdé rí. Ohun tí wọ́n ń yìn ín fún nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi báírò fagi lé "ọkọ", mo kọ "aya" sókè rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, akọ̀wé nawọ́ láti gbà á. Mi ò fún un. Ẹni ogójì ọdún ni mí kí n tó kọ́ ìwé kíkà. Mo dìde, mo rọra kà á fúnra mi.