Ọ̀rọ̀ Látíìnì Tí Ìye Gbọ́

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn òmìnira ni mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ní Òkìtìpupa. Nígbà tí a dé kíláàsì kẹta, tíṣà Látíìnì kọ ọ̀rọ̀ kan sí pátákó: auditor. Ó ní ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ló túmọ̀ sí, àti pé àwọn ará Róòmù tún máa ń fi pe akẹ́kọ̀ọ́, torí etí ni wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn. Ìparí ọ̀rọ̀ náà sì máa ń yí padà. Bí olùgbọ́ bá ń ṣe nǹkan, auditor ni. Bó bá jẹ́ òun ni wọ́n ń ṣe nǹkan sí, ó di auditorem. Kò wọ̀ mí lórí rárá.

Mo gbé ìwé mi relé ní Igbodigo nígbà ọlidé. Ìyá mi, tí àwa ọmọ ń pè ní Ìye, kò jókòó nílé-ìwé rí. Láràárọ̀, bó ṣe ń bó ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ fi ṣe púpurú, èmi á jókòó tì í, màá sì máa ka Látíìnì mi sókè. Mo rò pé ariwo lásán ni létí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo kà á pé, "Magister auditor docet," ìyẹn ni pé tíṣà ń kọ́ olùgbọ́. Ìye dá ọ̀bẹ dúró.

"Auditorem lo ń wí láti ìjẹta," ló sọ. "Èwo ni ká mú níbẹ̀?"

Mo ṣí ìwé wò. Òun ló tọ̀nà. Ó ní òun ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, òun kàn ń gbọ́ ọ ni. Ni mo bá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ti olùgbọ́ àti ti akẹ́kọ̀ọ́. Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn, ó sì bi mí pé:

"Ṣé wọ́n lè fi pe obìnrin?"

Mi ò mọ̀. Nígbà tí a wọlé padà, mo bi tíṣà. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ìparí rẹ̀ náà ni wọ́n á yí, á di auditrix, ó sì kọ ọ́ sí bébà kan pé kí n mú un lọ fún ìyá mi.

Nígbà tí mo mú un délé, Ìye wo bébà náà títí, ó ní kí n máa fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún òun. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Mo wà ní kíláàsì karùn-ún nígbà tí lẹ́tà kan dé bá mi nílé-ẹ̀kọ́, pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, ó wọ́ gbágungbàgun. Ìye ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ó ní òjò ti rọ̀, ẹ̀gẹ́ ta dáadáa, kí n má ṣe febi pa ara mi.